Ọ̀rá Ara Káàdì Tuntun

Ìyá mi kì í tú ọ̀rá kúrò lára nǹkan tuntun. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wà nínú ọ̀rá, fíríìjì wà nínú ọ̀rá, àga tìmùtìmù tí mo rà fún un náà sì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ títí ó fi kú. Nígbà ooru, ẹni tó bá jókòó sí i, àfi kí wọ́n fà á dìde.

Nílé wa ní Ọ̀yọ́ ló kú sí, lójijì, láàárọ̀. Bàbá mi wà lóko ní Ìkòyí-Ilé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró sójú kan. Mùsùlùmí ni wá, a kì í tọ́jú òkú pa mọ́. Kí Bàbá tó délé, a ti sin ín. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó jókòó ti sàréè, ó bojú wò mí.

"Ìwọ tó ń ká fídíò kiri, ṣé o ní ti ìyá ẹ? Mi ò rí ojú ẹ̀ mọ́."

Mo ní mo ní i, pé ọjọ́ fidáù ọjọ́ kẹjọ ni màá gbé e dé. Ẹnu mi yá jù.

Fídíò náà wà lóòótọ́, inú kọ̀ǹpútà ńlá tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà. Kámẹ́rà ńlá ni mo fi ká a lọ́jọ́ Iléyá, ó sì tóbi débi pé fóònù kò lè ṣí i, àfi kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ fún un pọ̀ di kékeré. Nígbà tí mo padà débẹ̀, síkírínì dúdú kirikiri. Gíráfíìsì káàdì, èyí tó ń gbé àwòrán jáde sójú síkírínì, ti jóná. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Mo sáré lọ sí Takie, láàárín ìlú. Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà níbẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó mi orí.

"Ọ̀gá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Èyí tó kù nìyí o. Brand new ni, ẹ wo ọ̀rá lára ẹ̀."

Mo délé, mo tú ikùn kọ̀ǹpútà, mo yọ káàdì tó jóná, mo ti tuntun bọ àyè rẹ̀ títí ó fi dún kẹ̀, mo dè é, mo so wáyà rẹ̀. Ọ̀rá dídán kan bo ojú fáànù tó ń fẹ́ ooru kúrò lára rẹ̀. Eruku ọyẹ́ sì rèé, ó pupa lórí gbogbo nǹkan. Mo ní kì í ṣe èmi ni màá tú ọ̀rá yìí kí eruku wọ ọjà tuntun. Mo tilẹ̀ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ kó má baà ṣí. Ẹni bíni là ń jọ.

Síkírínì tàn. Mo kígbe alihamudulilahi, mo ní kí fídíò máa fún pọ̀. Ó dé ìdajì, pàù, gbogbo rẹ̀ kú. Mo tún tàn án, ó tún kú. Mo bú jẹnẹrétọ̀, mo bú ọkùnrin Takie àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ta tábìlì nípàá, lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run. Ọjọ́ kejì ni fidáù. Ibẹ̀ ni mo wà tí Bàbá fi pè.

"Ṣé mo máa rí i lọ́la?"

"Ẹ máa rí i, Bàbá."

Ẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ tí Ìyá mi kú lọ. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Mo nawọ́ sí káàdì pé kí n yọ ọ́ jù nù, ó jó mi níka. Ọ̀rá náà ti ká jọ, ó ń rùn, ó ti dí fáànù pa. Mo wò ó títí. Mo ní, "Màámi, ẹ ti kọ́ mi ní ìkọ́kúkọ̀ọ́." Ẹ̀rín gbé mi, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Mo bó ọ̀rá náà dànù, mo tún tan kọ̀ǹpútà, fáànù yí, fídíò fún pọ̀ tán.

Lọ́jọ́ kejì, èrò kún pálọ̀ wa ní Ọ̀yọ́. Orí ẹní làwọn ààfáà jókòó sí, kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga tìmùtìmù. Lẹ́yìn àdúrà, mo so fídíò mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìyá mi yọ, lórí àga yẹn gan-an, ọ̀rá ń dún lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń mira. A gbọ́ ohùn mi lẹ́yìn kámẹ́rà: "Màámi, ẹ jẹ́ n tú ọ̀rá yìí."

Ó pòṣé, ó rẹ́rìn-ín. "Fi í sílẹ̀ jàre. Ọjọ́ tí àlejò pàtàkì bá wá la máa tú u."

Bàbá ní kí n dá a padà. Ó tún wò ó, ó ní kí n tún dá a padà. Lẹ́yìn náà ló wo gbogbo èrò tó kún pálọ̀, ó dìde, ó ki ọwọ́ bọ ọ̀rá àga náà, ó sì fà á ya láti etí kan dé ìkejì.

"Ẹ wá jókòó," ó ní. "Àlejò ẹ̀ ti dé."

Ìgbà yẹn ló tó sunkún.