Ìrẹsì Tí Mo Jẹ́ Kí Òjò Pa

Òórùn ìrẹsì tí wọ́n ń bọ̀ nínú àgbá ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí Ìgbẹ́mọ ní ilẹ̀ Èkìtì. Òórùn ewéko tútù àti èéfín ni, ó sì máa ń mú aṣọ débi pé bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, ó ṣì wà níbẹ̀. Láti Kétu ní ilẹ̀ Kútọnu ni mo ti wá. Mo yọ̀ǹda ara mi láti máa fi òṣùwọ̀n wọn àwọn ọmọ ọwọ́ nílé ìwòsàn ìlú náà fún ọdún kan. Mo rò pé bó ti jẹ́ pé Yorùbá ni gbogbo wa, ilẹ̀ òkèèrè yìí kò ní nira fún mi, àṣé bí wọ́n bá ń sọ èdè Èkìtì láàárín ara wọn, ìdajì ni mo máa ń gbọ́.

Èdè kọ́ ló sì fẹ́ lé mi lọ. Wọn ò jẹ́ kí n ṣe nǹkan kan ni. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà máa ń gbé àga fún mi sábẹ́ fáànù pé kí n sinmi. Nílé, màmá onílé mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Àlejò kì í ṣuṣẹ́ ní ulé mi."

Gbọ́ ná, ta ló ń ti ọ̀nà jíjìn wá jókòó? Ara mi ò balẹ̀. Mo máa ń dìde, kí n tún jókòó, kí n rìn dé ojú ọ̀nà tó lọ sí Adó, kí n tún padà. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo sọ fún bàbá mi lórí fóònù pé mò ń bọ̀ wálé ní Sátidé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Ní Ọjọ́bọ̀, màmá lọ sí Ọjà Ọba l'Adó. Ìrẹsì wọn tí wọ́n ti bọ̀ wà níta lórí ọ̀rá fífẹ̀, ó ń gbẹ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo jókòó sí nígbà tí òjò ṣú. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran, ṣùgbọ́n èmi fi ojú mi rí òjò yẹn kedere. N ò ní purọ́ fún ọ, inú ló ń bí mi. Mo ní ṣebí àlejò ni mí. Mo káwọ́ gbera títí òjò fi dé, tó ń gbá ìrẹsì lọ sínú gọ́tà.

Nígbà tí màmá dé, ojú tì mí. Mo ń retí pé wọn yóò ní kò burú, bí a ṣe ń sọ fún àlejò.

"O jókòó síbẹ̀, òjò ń pa ìrẹsì ulé rẹ?"

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin lẹ ní kí n má ṣiṣẹ́.

"N ò ní kí o ya dìndìnrìn. Gbé etí ọ̀rá yẹn."

Wọ́n bú mi títí a fi kó o wọlé. Wọ́n tún fi mí sídìí iná, à ń yí i kó lè gbẹ, kó má baà bu. Ìdajì la rí gbà là. Ní Sátidé, nígbà tí bàbá mi pè pé ibo ni mo dé, mò ń tú ìrẹsì náà ká nínú oòrùn. Mo ní mo ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ajé, nílé ìwòsàn, mo gbé òṣùwọ̀n àwọn ọmọ fúnra mi, n ò dúró de ẹni tí yóò fún mi.

Mo lo ọdún náà pé. Ní báyìí, bí àlejò bá dé ilé mi ní Kétu, tó mú ìgbálẹ̀, n kì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tó dọ̀tí jù ni mo máa ń fi hàn án.