Omi Ẹja Òyìnbó

Òyìnbó kan ní Ìkàrẹ́ ń sin ẹja pupa nínú àwo dígí, kì í sì í ṣe pé yóò jẹ ẹ́. Sànúsí, ọmọ Ọ̀kà, ló ń bá a tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹja léfòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Sànúsí sáré wá ewé tí yóò fi wò ó.

“Fi ẹja sílẹ̀,” ni òyìnbó wí. “Omi rẹ̀ ni kó o wò.”

Wọ́n pààrọ̀ omi, ẹja tún ń lúwẹ̀ẹ́.

Sànúsí fìdí mọ́lẹ̀, ó ń sunkún. Ọmọ mẹ́ta ni ìgbẹ́ gbuuru ti pa mọ́ ọn lọ́wọ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò wọn gbẹ ku kòtò kan. Kò sí àgbo tí kò fún wọn mu. Omi kòtò yẹn ló fi rẹ gbogbo rẹ̀.