Oúnjẹ Aboyún Tí Mo Jẹ Láìlóyún

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé gbọ́ ní ìdúró. Mo rántí ìgbà tí mo ń ránṣọ nítòsí Upper Iweka ní Onitsha. Mo ti bí ọmọ mẹ́ta, èmi àti ọkọ mi sì ti fẹnu kò pé ó tó gẹ́ẹ́. Hóró oògùn ìfètòsọ́mọbíbí kan ni mò ń lò lójúmọ́. Inú agolo tí mò ń kó bọ́bìnì ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí ni mò ń kó sáṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pamọ́ sí, nítorí ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa kò yéé bèèrè ọmọ kẹrin. Mo rò pé mo gbọ́n.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ mí. Igun ẹnu mi ń là, ojú mi ń ṣú. Lọ́jọ́ kan, mo rán apá òsì méjì mọ́ búláòsì ìyá olóyè kan ní Inland Town. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní, “Nne, kí ni apá ọ̀tún mi fi ṣẹ̀ ọ́?” Ìtìjú bá mi, mo sì fura pé oògùn mi ló fà á. Bí iṣẹ́ bá ń bàjẹ́ báyìí, àwọn oníbàárà á sá. Bí mo bá sì dá oògùn dúró, ọmọ kẹrin á wọlé.

Mo gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó fún mi lóògùn lọ. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, èsì rẹ̀ sì fi hàn pé fítámínì ti dín kù lára mi. “Oògùn yìí lè dín àwọn fítámínì kan kù lára obìnrin mìíràn,” ó ní, “irú èyí tó wà nínú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ló ń rí bẹ́ẹ̀ fún o. Kí lẹ máa ń jẹ lọ́sàn-án?”

Mo ní búrẹ́dì àti mínírà.

Ó wò mí títí. “Ẹ ò wá gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru oògùn. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ lọ jẹun.”

Mo délé, mò ń ro irọ́ tí màá pa nídìí oúnjẹ. Ìyá ọkọ mi wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ìyàwó, ara rẹ ti yàtọ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà mi.

“Mo mọ̀ ọ́n. Jókòó.”

Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ sí Relief Market fúnra rẹ̀. Ẹ̀fọ́ ugu, ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹja, inú ìkòkò irin rẹ̀ ni gbogbo wọn ń já sí. “Jẹ ẹ́ tán, ti ẹni méjì ni.” Mo jẹ ti ẹni méjì láìsí ẹnìkejì. Èmi náà wá ń fọwọ́ ti ìbàdí bí mo bá fẹ́ dìde, mo tilẹ̀ ń yínmú sí òórùn ẹja. Ọkọ mi rọra bi mí pé, “Oṣù wo la máa bí ẹ̀wà yìí?”

Ẹnu mi jinná, apá òsì àti ọ̀tún sì padà mọ ipò wọn. Sáṣẹ́ẹ̀tì òfìfo kan ti sọnù nínú agolo mi kí ìyá tó bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ ẹni méjì yẹn. Mo ní eku ló gbé e. Oṣù ń gorí oṣù, ikùn mi kò yọ, ìyá kò sì bi mí léèrè. Mo ní ọjọ́ ogbó ló mú un gbàgbé.

Nígbà tí ìyá jáde láyé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jogún ilé Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ mi jogún àga ìrọ̀gbọ̀kú, ìyá sì ti ní kí wọ́n gbé ìkòkò irin òun fún mi. Mo ṣí ọmọrí rẹ̀, mo bá àkísà kan tí wọ́n so ní kókó. Mo tú u. Sáṣẹ́ẹ̀tì mi tó sọnù ni.

Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà.

Ìkòkò náà ti di ti ọmọ mi obìnrin báyìí. Òun náà ń lo oògùn tirẹ̀. Orí tábìlì ló ń gbé e sí, kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mò ń lọ ra ugu.