Ẹsẹ Kẹta Orin "Sai Gobe"

Bí ẹ bá bi rédíò, á ní Simeon Oyèdìran ló kọ "Sai Gobe". Irọ́ ni. Èmi Adétutù ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Minna nígbà náà, Mọ̀ríámọ̀ sì ń kọ́ kíláàsì kìíní, ògiri kan ló là wá láàárín. Òun ló kọ ọ́, etí mi ló sì kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọmọ gáàdì rélùwéè ni Mọ̀ríámọ̀, àdúgbò Keteren Gwari ní Minna ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ. Kò lè kọ́ ọmọ ní nǹkan kan láìfi orin sí i. Orin ìfọwọ́ wà, orin ìjẹun wà. Bó bá sì fẹ́ kí wọ́n dákẹ́, kò ní pariwo. Á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ á fi àtẹ́wọ́ méjì dá a lóhùn, wọ́n á sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwa yòókù ń lo pàṣán, ẹ̀kọ́ wa ò sì tó tiẹ̀.

Simeon, tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan, a máa wá jókòó sójú fèrèsé rẹ̀ tòun ti gìtá. Orin tó bá gbọ́ tó bá wù ú, Mọ̀ríámọ̀ á ní kó máa mú un lọ. "Kí lo fẹ́ fi ṣe ná? Orin ọmọdé ni." Ní 1994, ó gbé gìtá rẹ̀ lọ sí Èkó. Orin ìfọwọ́ di ìpolówó ọṣẹ. Orin ìjẹun di ìpolówó tòmátò inú agolo. "Sai Gobe", tí àwọn ọmọ fi ń sọ pé ó dọ̀la kí wọ́n tó lọ sílé, ó sọ ọ́ di orin olólùfẹ́, ni gbogbo ìlú bá ń jó o.

Ẹsẹ kan wà tí kò mọ̀ o. Lẹ́yìn tó ti lọ, ọ̀kadà gbá ọmọ kan lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé wa. Mọ̀ríámọ̀ wá fi ẹsẹ kẹta kún orin náà, kí àwọn ọmọ lè pín sọ́nà ilé wọn létòlétò.

Nígbà tí rédíò gbé orin náà jáde, ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo, pe Mọ̀ríámọ̀ síwájú gbogbo wa, ó ní kó yé fi orin ìfẹ́ kọ́ ọmọ. Mọ̀ríámọ̀ ní òun lòun kọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Olórin, wọ́n ń fi pè é dé ọjà Kure. Ó dùn ún wọra. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́: kí Simeon fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní Minna, níbi tí wọ́n ti pe òun ní òpùrọ́. Nígbà tí Simeon wá kí ìyá rẹ̀, ó ṣèlérí. "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá kọrin níbí, màá dárúkọ yín."

Ní 2007, ó dé. Pápá ìṣeré kún. Mọ̀ríámọ̀ rán aṣọ tuntun, a jókòó síwájú, Adéagbo wà lẹ́yìn wa. Simeon gba gbohùngbohùn, ó ní, "Inú ọkọ̀ ojú irin ni Ọlọ́run ti fi orin yìí sí mi lọ́kàn." Mo fẹ́ dìde kí n bú ọmọkùnrin yẹn, Mọ̀ríámọ̀ fà mí jókòó.

Simeon kọ ẹsẹ méjì, ó dúró. Àwọn èrò ò dúró. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ìjọsí, tí wọ́n ti di géńdé àti omidan, bọ́ sí ẹsẹ kẹta:

Ará Fadikpe, ẹ yà sọ́tùn-ún,
Ará Keteren Gwari, ẹ yà sósì,
Àǹtí Mọ̀ríámọ̀, sai gobe.

Wọ́n sì yà lóòótọ́, wọ́n ń kọ lu ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn onílù àti onígìtá dákẹ́, wọn ò mọ ibi tí orin ń lọ. Simeon wò wọ́n títí. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin ará Minna, èyí mà dùn. Ẹ tún un kọ, ẹ rọra, kí n lè mú un."

Mọ̀ríámọ̀ dìde. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn tó wà nítòsí fi àtẹ́wọ́ méjì dá a lóhùn, ó ràn dé ẹ̀yìn pápá, gbogbo wọn sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo bojú wẹ̀yìn. Adéagbo náà ti fi ọwọ́ bo tiẹ̀.