Tábúlẹ́ẹ̀tì Mẹ́ta

Etí ìborùn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin fi máa ń nu ojú tábúlẹ́ẹ̀tì, bí ẹni ń nu gíláàsì àtùpà. Aránṣọ ni wọ́n n'Ílàá, n kò sì gbọ́ kí wọ́n yin aṣọ tuntun rí. "Ti àtijọ́ ló dáa," ni wọ́n máa ń wí.

Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló ra tábúlẹ́ẹ̀tì kìíní, kí wọ́n lè máa rí àwọn ọmọ-ọmọ wọn lójú rẹ̀ bí wọ́n bá pè. Nígbà tó yá, wọ́n ní kò mọ́lẹ̀ mọ́. Ó fi òmíràn ránṣẹ́. Wọ́n ní ìyẹn tún burú jù. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, mo gbé àwòrán ọmọ-ọmọ wọn kan náà sójú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó rí bàìbàì lójú ti àkọ́kọ́. Lójú tuntun, mo lè ka eyín ẹnu rẹ̀.

"Màmá, tuntun yìí ló mọ́ jù."

"Irọ́ ni! Kùrukùru ló bò ó. Ayédèrú ni wọ́n tà fún un."

Ọdún mélòó la ti fi bá gíláàsì ojú tábúlẹ́ẹ̀tì jà! Dókítà ojú tí mo mú wọn lọ bá ní èyí tó ti lọ lára ìríran wọn kò ní í padà, ìyókù náà ń lọ. Bí a ti délé, wọ́n ní kí n sọ fún ọmọ wọn kó wá ẹ̀kẹrin.

Nígbà Iléyá tó kọjá, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n fa orí mi mọ́ra, wọ́n mú etí ìborùn, wọ́n nu ojú mi, wọ́n sì tún un nù.