Ọ̀nà Ìkọ̀lé Bí Bàbá Mi Ṣe Júwe Rẹ̀ Fún Àwọn Àna Wa

Láti Ìfàkì dé Ìkọ̀lé, títì kan náà lèèyàn máa tọ̀. Kò sí bí àlejò ṣe lè ṣìnà níbẹ̀, àfi tó bá dìídì fẹ́ wọ oko olóko. Ìdí nìyí tó fi yà mí lẹ́nu pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, bàbá mi fi odidi ìrọ̀lẹ́ kan jókòó kọ bí àwọn ẹbí ọkọ yóò ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ wa láti Èkó. Fóònù alágbèéká kò tíì dé ìlú wa nígbà náà. Wọ́n ní kí n lọ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn káàdì ìgbéyàwó.

Tíṣà jọ́gíráfì ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n lè fi ṣọ́ọ̀kì ya odò Ọya láti orísun rẹ̀ dé òkun láìwo ìwé. Àmọ́ nínú ohun tí wọ́n kọ yìí, kò sí oríta, kò sí máìlì, kò sí ọ̀tún, kò sí òsì. Èèyàn ni wọ́n kọ síbẹ̀. Tí ẹ bá dé Ìfàkì, ẹ yà kí àbúrò mi obìnrin, òun ni yóò sọ bí ẹ ó ṣe dé Ọ̀yẹ́. Tí ẹ bá dé Ọ̀yẹ́, ẹ yà kí ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣe tíṣà, òun ni yóò júwe Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ẹ yà kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Ó parí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe sọ fún wọn kí wọ́n máa bọ̀ tààrà?"

Wọ́n wò mí bí ẹni wo ọmọ tí kò gba ẹ̀kọ́. "Kí wọ́n kọjá níwájú ulé àbúrò mi, kí wọ́n má kí i? Ṣé ẹran ni wọ́n?"

Mo bá lọ tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ ká ṣe ìgbéyàwó náà ní Ìkọ̀lé rárá. Wọ́n ní ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ti tán l'Ékòó ni? Bàbá mi sì fàáké kọ́rí pé àkọ́bí òun kò ní ti ilé onílé jáde. Ìyá ọkọ gbà láti wá, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí ọmọdé gba oògùn ni. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí obìnrin yìí fẹ́ràn òun. Ó ti sọ fún mi pé bí ọ̀nà bá fi lè da wọ́n láàmú, òun ni wọn yóò máa bínú sí títí ayé.

Ọjọ́ Ẹtì ni a fẹ́ ṣe ìdána. A ti ń retí wọn láti ọ̀sán. Ìyá mi gúnyán, wọ́n dì í, wọ́n bò ó, a ò rí ẹnì kankan. Gbogbo ọkọ̀ tó bá dún lójú títì ni ẹ̀gbọ́n mi ń sáré yọjú sí. Nígbà tó yá, kò yọjú mọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́, ó ní, "Wọ́n ti ṣẹ́rí padà."

Bàbá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gbọ́ rédíò. "Wọ́n ń bọ̀. Abéèrè kì í ṣìnà."

Inú bí mi. Lóòótọ́, abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹni tó ń bi léèrè bá ní odó lẹ́yìnkùlé, ìgbà wo ni yóò dé?

Ìgbà tí adìyẹ ń wọlé ni bọ́ọ̀sì wọn dé. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń di ikùn mú. Ọkọ ìyàwó ló ròyìn fún wa. Àbúrò bàbá mi ní Ìfàkì ní òun ò gbọ́ ọ rí kí àna dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó kí èèyàn, kó sì máa lọ. Iyán àti ẹran ìgbẹ́ ló gbé kalẹ̀, kò sì júwe Ọ̀yẹ́ fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi fọwọ́. Bákan náà ló rí ní Ọ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, tí wọ́n ní àwọn ti yó, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, "Ti Ìfàkì, ti Ìfàkì ni. Uyán temi rèé." Ìlú tó gbé iṣu sínú orúkọ, kí ni wọ́n rò pé wọ́n máa bá níbẹ̀?

Ìyá mi yọ sí wọn pẹ̀lú omi ìfọwọ́. Ọ̀rẹ́ ọkọ kan fẹ́ẹ̀ sunkún. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ tọrọ ìyàwó, wọ́n dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikùn kò jẹ́ kí àyà ẹnì kankan kan ilẹ̀.

Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, àfi ìyá ọkọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, wọn ò sọ ju ẹ kú ilé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ níwájú wọn fún àdúrà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ilé mẹ́ta ni mo ti jẹun lónìí nítorí tìẹ. Kò sí èyí tí mo ti bu òkèlè tí wọn ò kọ́kọ́ sọ fún mi pé, 'Ọmọ wa lẹ fẹ́ mú lọ o, ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀.' Bí mo bá wáá fìyà jẹ ọ́, ojú wo ni n óò tún gbé gba títì yìí?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì fa ẹ̀gbọ́n mi mọ́ra.

Ariwo ayọ̀ gba ilé kan. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti ní Èkó lòun máa gbé, níbi tí bàbá mi ò ti mọ ẹnì kankan ládùúgbò, ni ẹ̀rù ti ń bà wọ́n, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi ń nu ojú. Wọ́n ní ata ló ta sí àwọn lójú.

Ìyá mi wò wọ́n. "Ata wo? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀."