Táàgì Kọ́púrà Ìdòwú

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́: ọ̀sán ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí mi, ojú mi sì dá. Mi ò sùn, mi ò lá àlá, mi ò mu ohunkóhun kọjá omi inú ọ̀rá. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbà á gbọ́. Bí ẹ ò bá fẹ́, ojú tèmi ló rí i, kì í ṣe tiyín.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Apple Junction, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú, mo sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún iṣẹ́ wọn tẹ̀. Festac ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá mi ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mo sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi gan-an ni mo máa ń fi àwọn tó bá ń sọ̀rọ̀ iwin rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀.

Mo ní oníbàárà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Wáráǹtì, torí pé ipò wáráǹtì ọ́físà ni wọ́n wà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun òfurufú. Ẹ má bi mí ní orúkọ wọn gan-an, mi ò ní sọ. Wọn kì í ṣe awakọ̀ bàálù o. Mẹkáníìkì ni wọ́n, ọ̀kan lára àwọn tó ń tún bàálù ṣe nílẹ̀ kí àwọn ọ̀gá tó gbé e fò.

Bàbá fẹ́ kọ ìtàn sìkúádírọ̀n wọn, ìyẹn ìsọ̀rí ológun tó ní bàálù tirẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́ kù nínú wọn kò pọ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Satellite Town, kí wọ́n sì pín ìwé náà níbẹ̀. Bó bá ti di aago mẹ́ta ọ̀sán, Bàbá á wọlé pẹ̀lú ìwé aláwọ̀ búlúù kan lábẹ́ abíyá. Wọ́n á máa kà á sókè, èmi á máa tẹ̀ ẹ́.

Kí n má purọ́, mo gbádùn iṣẹ́ náà. Bàbá ní àwòrán awakọ̀ bàálù ló máa ń jáde nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹni tó ń ká párásúùtì? Ta ló mọ ẹni tó ń rọ epo, tàbí ẹni tó ń gbá ojú ọ̀nà bàálù kí òkúta má baà wọnú ẹ́ńjìnnì? Wọ́n ní torí àwọn yẹn ni àwọn ṣe ń kọ ọ́. Bí wọ́n bá ti ń sọ ọ́, ẹ̀yìn wọn tó ti tẹ̀ á nà tọ́ọ́rọ́ lórí àga.

Ohun kan wà tí wọ́n kọ́ mi tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ mi tó yé yín. Nínú ilé ńlá tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe, pátákó kan wà lára ògiri tí wọ́n kun àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí. Sípánà ní àyè tirẹ̀, òòlù ní àyè tirẹ̀. Mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan ní táàgì idẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí. Bó o bá mú sípánà, wàá fi táàgì rẹ kọ́ sí àyè rẹ̀. Bó o bá dá a padà, wàá mú táàgì rẹ. Bí táàgì kan ṣoṣo bá ṣì wà lórí pátákó, bàálù ò gbọdọ̀ gbéra, ì báà jẹ́ ọ̀gá àgbà pátápátá ló jókòó sínú rẹ̀.

"Táàgì rẹ ni orúkọ rẹ," ni Bàbá wí fún mi. "O ò gbọdọ̀ yá ẹnikẹ́ni."

Ó tó ọ̀sẹ̀ kejì tí a bẹ̀rẹ̀ kí n tó kíyè sí ọkùnrin kan tó máa ń wọlé tẹ̀lé Bàbá. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, á kọjú sí ògiri. Ọ̀dọ́ ni, kò lè ju ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ. Aṣọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń wọ̀, èyí tó so ẹ̀wù mọ́ ṣòkòtò, òórùn epo sì máa ń jáde lára rẹ̀.

Mo rò pé ọ̀kan lára àwọn dírẹ́bà táńkà Satellite Town ni. Ẹni tó bá ń gbé apá ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé òórùn epo kì í ṣe nǹkan tuntun. Mo tún rò pé Bàbá ló ní kó máa tẹ̀ lé àwọn, torí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Bí Bàbá bá dìde, òun náà á dìde.

Kò kí mi rí. Ó bí mi nínú díẹ̀, torí mi ò fẹ́ràn kí èèyàn wọ ṣọ́ọ̀bù mi kó má kí mi.

Lọ́jọ́ tí a dé orí kẹjọ, ohùn Bàbá yí padà. Ọ̀rọ̀ bàálù wọn kan tó já lulẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yè. Wọ́n bá sípánà nínú àfọ́kù ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo pátákó, táàgì Kọ́púrà Ìdòwú, ọ̀dọ́ mẹkáníìkì kan láàárín wọn, ló wà ní àyè sípánà náà. Sájẹ́ńtì tó yẹ kó ka pátákó kò kà á, ó kàn fọwọ́ sí i pé gbogbo rẹ̀ ti pé. Wọ́n já sájẹ́ńtì náà sílẹ̀ ní ipò. Kọ́púrà Ìdòwú ní tirẹ̀, àtìmọ́lé ni wọ́n jù ú sí, ibẹ̀ ló kú sí kí ẹjọ́ tó parí. Ó fi ìyàwó sílẹ̀ àti ọmọbìnrin kan tí kò tíì máa rìn.

"Ọmọ náà ti di ìyá ọmọ báyìí," ni Bàbá wí. "Tíṣà ni ní Satellite. Ó ń bọ̀ níbi ìdúpẹ́ yẹn."

Wọ́n wá ní kí n kọ ọ́ pé: "Kọ́púrà Ìdòwú ló gbàgbé sípánà sínú ẹ́ńjìnnì, àìbìkítà rẹ̀ ló sì pa èèyàn mẹ́rin."

Mo tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe gbójú sókè, ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì ń mi orí. Ó ń mì í díẹ̀díẹ̀, síbí, sọ́hùn-ún, kò dáwọ́ dúró.

"Bàbá," mo rọra sọ, "ẹni tí ẹ mú wá ń mi orí o."

Bàbá yíjú padà. "Ta ni mo mú wá?"

"Ẹni orí bẹ́ǹṣì yẹn."

Wọ́n wo bẹ́ǹṣì náà. Wọ́n wò ó dáadáa, kódà wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. "Ọmọ mi, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

Ẹ gbà mí gbọ́, ọkùnrin náà ṣì jókòó síbẹ̀ nígbà tí Bàbá ń sọ̀rọ̀ yẹn. Mo fi ẹ̀rín bò ó, mo ní bóyá ojú ló ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n orí mi ti wú.

Lọ́jọ́ kejì, òjò rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣí ojú ọ̀run sílẹ̀. Bàbá kò lè jáde. Iná ọba ti lọ, kọ̀ǹpútà alágbèéká mi tó ń lo bátìrì nìkan ló ń tàn. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo gbóòórùn epo.

Òun nìkan ló wọlé. Òjò tó ń da gbogbo ènìyàn láàmú kò kán sí i lára. Aṣọ rẹ̀ gbẹ. Bàtà rẹ̀ gbẹ. Kò lọ sórí bẹ́ǹṣì lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀.

Mo fẹ́ pe Jésù, ẹnu mi ò ṣí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ó sá, ẹ dákẹ́. Ẹsẹ̀ kì í gbọ́ràn lójú irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n rí ibi tí orúkọ mi wà."

Mo yí kọ̀ǹpútà sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á. Mi ò gbọ́ èémí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ò jìnnà sí tèmi.

"Mo yá ẹnì kan ní táàgì mi ni," ó ní. "Tirẹ̀ ti sọnù, ẹ̀rù ìjìyà ń bà á. Ó ní ìyàwó òun ń rọbí, pé kí n yá òun ní táàgì mi fún wákàtí kan péré, kí òun lè parí iṣẹ́ kí òun sì máa lọ."

Mo bi í pé, "Ta ni?"

"Ẹni tó ń kà á fún yín."

Ó tún wo kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn mọ́ títí dòní. Ó ní, "Ọmọ mi máa ka ìwé yìí."

Mo ṣẹ́jú, mi ò rí i mọ́. Òórùn epo yẹn kò kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù mi fún ọjọ́ méjì gbáko. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wá bínú sí mi pé ṣé mo fẹ́ dáná sun gbogbo wa ni, kí n gbé epo mi síta. Ẹ rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo gbóòórùn rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá dé, mi ò jẹ́ kí wọ́n jókòó dáadáa. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ta ló yá táàgì Kọ́púrà Ìdòwú?"

Ìwé búlúù já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ohùn wọn kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà nínú ọkàn lọ.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni, sà."

Wọ́n kò bi mí bí ó ṣe jẹ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n kàn ní, "Àkọ́bí mi ni wọ́n bí lọ́jọ́ yẹn. Mo sáré lọ sílé ìwòsàn. Mo rò pé mo ti dá sípánà yẹn padà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Mo ní màá sọ lọ́la. Nígbà tó di ọ̀la, mo tún ní màá sọ lọ́la. Nígbà tí mo fi máa ṣe tán, wọ́n ti sin ín."

Mo ní kí a yọ ìlà yẹn kúrò. Mo ní kí wọ́n ro ti ọmọ Kọ́púrà tó jẹ́ tíṣà yẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá tó dàgbà ju bàbá mi lọ dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí táìlì ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn ò mọ̀, wọ́n ní pásítọ̀ àwọn ò mọ̀, kí n ṣáà jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí àwọn yóò fi kú. Mi ò lè wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo fa wọ́n dìde, mo ní mo ti gbọ́.

Mo fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ̀wé ní Mile 2 lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo mọ òótọ́, mo sì tẹ irọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n já páálí ìwé náà sílẹ̀ fún mi ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá. Apá ọ̀tún wọn kú, ẹnu wọn kò sì lè sọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n sún ìdúpẹ́ síwájú. Mo lọ kí wọn nílé ní Festac, ọmọ wọn gbé àga fún mi, mo jókòó síwájú bẹ́ẹ̀dì. Bàbá kò wo ojú mi rárá. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò, lókè èjìká mi, omi sì ń dà lójú wọn.

Mi ò bojú wẹ̀yìn. Òórùn epo tó kún inú yàrá yẹn ti sọ ẹni tó wà níbẹ̀ fún mi.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń wà lórí bẹ́ǹṣì mi. Mo ti gbààwẹ̀, mo ti da òróró sílẹ̀ káàkiri. Mo gbé bẹ́ǹṣì náà jù síta, ó wá ń dúró níbi tí bẹ́ǹṣì wà tẹ́lẹ̀. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ògiri ló ń kọjú sí.

Lánàá, fóònù mi dún. Obìnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì mọ̀ ọ́n kí. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ọ̀dọ̀ mi ni ìwé ìtàn àwọn ológun òfurufú yẹn wà. Ó ní òun ò fẹ́ dúró de ìdúpẹ́ mọ́.

"Wọ́n ní bàbá mi wà nínú rẹ̀, mà. Mi ò mọ̀ wọ́n rí, fọ́tò kan ṣoṣo la ní. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi ka nǹkan rere kan nípa bàbá àgbà wọn."

Fóònù wà létí mi, ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù tó dákẹ́ yẹn, ohùn rẹ̀ ń jáde kedere. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń dúró níbẹ̀, ó yí kúrò lọ́dọ̀ ògiri, ó kọjú sí mi, kò sì yí padà mọ́.

Páálí náà wà lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí mo bá sọ òótọ́ fún un, ẹ̀rí wo ni mo ní? Ẹnu Bàbá ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹlẹ́rìí tó kù kì í ṣe ẹni tí mo lè pè. Bí mo bá sì kó ìwé náà fún un, ọwọ́ mi ni yóò ti gba irọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bá èèyàn kọ ìtàn, ẹ ṣọ́ra. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí òkú lọ́rùn, ẹ má tẹ lẹ́tà kan títí ẹ ó fi bi alààyè tó ń kà á fún yín léèrè ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà lọ́jọ́ náà. Bó bá sì dọ̀bálẹ̀ fún yín, ẹ jẹ́ kó máa dọ̀bálẹ̀.

Aago mẹ́ta ọ̀sán òní ni ọmọ Kọ́púrà Ìdòwú ní òun ń bọ̀. Aago méjì ààbọ̀ ti lù.